Gradle-completion: Tab àkọ́kọ́ ló ń jẹ dátà

Ẹni tó bá ń fi Gradle, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di áàpù, kọ́ áàpù Android mọ ohun tí ojú ń rí lórí orúkọ task (iṣẹ́ tí a ń rán Gradle) bíi `:app:connectedDebugAndroidTest`. Lẹ́tà kan péré lèèyàn á ṣì tẹ̀, Gradle á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Gradle-completion, ọ̀fẹ́ ni lórí GitHub àwọn Gradle fúnra wọn, á parí orúkọ náà bí ẹ bá ti tẹ Tab.

Ti bash, ọ̀kan lára àwọn shell tó ń gba àṣẹ nínú terminal, kò le. Ẹ fi `git clone` gbé e sínú `~/gradle-completion`, kí ẹ kọ `source ~/gradle-completion/gradle-completion.bash` sí ìsàlẹ̀ `~/.bashrc`. Ó tán. Zsh, shell mìíràn, ló ń fẹ́ sùúrù: ìlà `fpath=(~/gradle-completion $fpath)` gbọ́dọ̀ ṣáájú `compinit` (àṣẹ tó ń tan completion) nínú `~/.zshrc`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ zsh kò ní rí fáìlì `_gradle`. Bí ẹ bá ti tún un tò tí kò sì yí padà, ẹ pa `~/.zcompdump*`, ibi tí zsh tọ́jú ètò àtijọ́ sí, rẹ́, kí ẹ ṣí terminal mìíràn.

Ibi tó ti ń dunni nìyí. Gradle nìkan ló mọ àwọn task inú project, òun náà ni completion ń lọ bi nígbà tí ẹ bá tẹ Tab àkọ́kọ́. Nínú project tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ clone, `./gradlew` (script Gradle inú project náà) á kọ́kọ́ gbé Gradle wálẹ̀ (Gradle 8 ju 100MB lọ), plugin Android á tún tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ tètè tẹ `./gradlew tasks` lórí Wi-Fi ọ́fíìsì ní Wuse tàbí Utako l'Abuja, kó tó di pé ẹ délé ní Kubwa tí dátà fóònù ń sanwó rẹ̀. Daemon, ìyẹn Gradle tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tó bá sì jí kì í tètè sùn: wákàtí 3 ló fi ń dúró láìṣiṣẹ́. Bí `gradle.properties` bá ní `-Xmx2048m` (ó lè gba RAM tó 2GB), laptop oní-4GB á máa mí gúlegúle. `./gradlew --stop` ló ń pa á.

Lẹ́yìn náà, Tab di wéré, torí ó ti tọ́jú àwọn orúkọ náà sínú `~/.gradle/completion` fún ọ̀sẹ̀ 3. `GRADLE_CACHE_TTL_MINUTES` ni ẹ ó fi yí i. Bí Tab bá dákẹ́ lójijì, ó sábà máa ń jẹ́ pé `build.gradle` ti bàjẹ́. Ẹ tẹ `./gradlew tasks`, àṣìṣe náà á jáde.

Ohun kan ṣì kù tí kò tẹ́ wa lọ́rùn: bí module (àwọn apá project) bá pọ̀, ó fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kọ `:app:`. `export GRADLE_COMPLETION_UNQUALIFIED_TASKS="true"` ló ń gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Bó ṣe yẹ kó wá láti ilé nìyẹn.