BookStack: ibi tá a kó ìdáhùn wàhálà kọ̀ǹpútà sí ní ọ́fíìsì wa l'Ákùúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, ẹ gbọ́ tèmi o. Alágbàká níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti kọ́pà kan la sì ń gbọ́ ẹjọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé náà. Kó tó di pé a gbé BookStack wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo lè dé etí mi lẹ́ẹ̀mẹfà láàárọ̀ Mọ́ńdè, "Bọ̀dá, printa ò tẹ̀wé," "Bọ̀dá, páásíwọọ̀dù mi ò wọlé," màá gòkè, màá sọ̀ kalẹ̀, ohun tí mo sì sọ lánàá náà ni màá tún sọ. A kọ ọ́ sórí WhatsApp títí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ọ̀rọ̀ míì á ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà téèyàn fi ń kọ ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ kí gbogbo ọ́fíìsì lè ṣí i kà ni BookStack. Ọ̀fẹ́ ni, àtọdún 2015 ló ti wà. PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, ló fi ń ṣiṣẹ́, MySQL tàbí MariaDB ló ń kó ọ̀rọ̀ pa mọ́ sí. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí wọ́n ti fẹ́ gbé jù nù ni mo fi Ubuntu sí (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), mo gbé BookStack síbẹ̀, mo so kọ̀ǹpútà náà mọ́ ráútà wa. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn, inú ilé wa ló wà, bí dátà bá tán ó ṣì ń ṣí. Òun àti ráútà wà lórí ínfátà, tí iná bá lọ, ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù á ṣì rí i kà.

Bí wọ́n ṣe tò ó ò le rárá: pẹpẹ ìwé, ìwé wà lórí pẹpẹ, orí wà nínú ìwé, ojú ìwé wà nínú orí. Màmá kan ní ẹ̀ka akáúǹtì, tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò.

Àmọ́ oṣù àkọ́kọ́ ò dùn, ẹ̀bi mi sì ni. Mo kọ "Print Spooler" sí orí ojú ìwé kan, èyíinì ni ibi tí ìwé tẹ́ ẹ ní kí printa tẹ̀ ti ń tò dúró, tí ọ̀kan bá há síbẹ̀, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà há nìyẹn. Ta ló máa wá "Spooler"? "Printa o sise" ni wọ́n ń tẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n bá tún pè mí. Ibi ìwákiri BookStack kì í bá èèyàn tún ọ̀rọ̀ tó ṣì tẹ̀ ṣe, ẹ fi sọ́kàn. Mo wá yí àkọlé sí "Printa ò tẹ̀wé, kí ni kí n ṣe?", mo tún kó printer, pirinta, printa sínú tag rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ téèyàn so mọ́ ojú ìwé kí wọ́n lè tètè wá a rí. Mo kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe, kí wọ́n wo bébà, kí wọ́n wo wáyà, kí wọ́n wò ó bóyá printa míì ni wọ́n yàn, mo wá ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà sí i. Pípa Spooler kéèyàn tún tàn án gba agbára admin, èmi ni kí wọ́n pè fún ìyẹn.

Ibi tó kù sí: kò sí ètò pé kí ọ̀gá kọ́kọ́ wo ohun téèyàn kọ kó tó jáde. Gbogbo wa ni mo fún láǹfààní Editor níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹni tó lè kọ tó sì lè tún nǹkan ṣe, ẹnì kan bá lọ kọ páásíwọọ̀dù Wi-Fi sójú ìwé, mo pa á rẹ́, àṣé ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà nínú revisions, mo ní láti pààrọ̀ páásíwọọ̀dù náà pátápátá. Ní báyìí Viewer, ẹni tó kàn lè kà á, ni ọ̀pọ̀ jù lọ, ẹnì kan péré ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ Editor. Yíya àwòrán inú rẹ̀ náà ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi orí sínú orí. Ẹ má sì gbàgbé bákọ́ọ̀pù o! Database tó kó ọ̀rọ̀ sínú àti fódà uploads tó kó àwòrán àti fáìlì sínú, gbogbo Fúráìdè ni mo ń kó méjèèjì lọ síbòmíì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá akáúǹtì kọ ojú ìwé tiwọn lórí bébà tó bá há sínú printa: pa á ná, ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì fà á jẹ́jẹ́ kó má ya sínú. Mo yọ tèmi kúrò, tiwọn ló wà níbẹ̀ báyìí.