Baba dúdú tàbí adùn fún ẹ̀bùn Ọjọ́ Olólùfẹ́?
Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀bùn aládùn fún ọjọ́ 14 oṣù Kejì, baba dúdú máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju adùn lọ, ó sì rọrùn láti wé sínú bébà pupa. Ṣùgbọ́n oje àgbọn àti ṣúgà tó ń ki lórí iná gbóná ju omi híhó lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara, nítorí náà wíwé nìkan ló kù fún ọmọdé.

Adùn ni mo fara mọ́: bí àgbàlagbà bá ti yan àgbàdo, tó sì lọ̀ ọ́, ọmọ fúnra rẹ̀ lè fi epo pupa àti ṣúgà pò ó, kí ó mọ ọ́n bí àwòrán ọkàn. Epo a máa ba bébà jẹ́. Ewé ló yẹ ẹ́.