Ìràwọ̀ mẹ́ta tó di méjì

Mi ò ní dárúkọ páàkì ìgbafẹ́ tí mo kó àwọn ọmọ mi lọ yìí o, ẹ má wulẹ̀ bi mí ní inbox. Ọ̀rọ̀ àwa àtàwọn ti yanjú, wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n sanwó ọsibítù, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò àwọn ọmọ sórí status làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé ibẹ̀ dáa, ṣé káwọn náà kó ọmọ lọ, mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, bó tiẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Children's Day la lọ, 27 May, èmi, àwọn ọmọ mi mẹ́ta, àti àbúrò ọkọ mi tí mo máa ń pè ní Ọkọ Kékeré. Owó géètì ₦4,000 fún àgbà, ₦2,500 fún ọmọdé, owó ráìdì tún lọ́tọ̀, ráìdì kọ̀ọ̀kan ló ní tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú owó ti tán lọ́wọ́ yín. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn mọ́, omi ń yọ, mo kí wọn fún ìyẹn. Jọ̀lọ́ọ̀fù wọn tutù bí ẹni sùn síta mọ́jú. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání, wọn kì í yẹ báàgì wò.

Ráìdì kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé èèyàn lórí ìjókòó lọ sókè díẹ̀díẹ̀, tó bá dókè tán á dúró bí ẹni ń ronú, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ wàá. Ìyábọ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní tòun nìyẹn, òun ò ṣe òmíì. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó gbé igi kan dání tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fàmì sí ní 120 sẹ̀ǹtímítà. Ó na igi yẹn ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyábọ̀, orí ọmọ ò dé ibi ọ̀dà, ó fi ìka mẹ́rin dín. Ó ní kò lè gùn ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ ọmọ yìí. Mo ní bàtà tó wọ̀ ló pẹlẹbẹ jù. Mo ki ₦1,000 bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dá a padà. Ìyẹn gan-an ló wá bí mi nínú, mo bú u, mo ní ta ni bàbá ẹ̀, mo ní ṣé òun ló bá mi bí ọmọ ni. Obìnrin kan tó tò sẹ́yìn mi náà dá sí i, ó ní jẹ́ kó gùn ún jàre, Children's Day mà ni. Ọmọ yẹn kàn ń wolẹ̀, ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, irin yẹn ò mọ̀ pé ọdún lòní." Ojú ẹsẹ̀ ni mo yọ fóònù pé mò ń kọ review, ìràwọ̀ kan péré, mo ti tẹ "wọn ò níwà rárá" tán kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ.

Inú fùfù yẹn la fi kọrí sí sílàìdì ńlá tó wà lápá ẹ̀yìn, torí kò sẹ́ni tó ń wọn èèyàn níbẹ̀. Kò tiẹ̀ sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀, àfi ìyá kan tó ń ta bàlúù. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méjì, ń sunkún pé òun fẹ́ yọ̀, ẹ̀rù sì tún ń bà á, Ọkọ Kékeré bá ní kò burú, ó gbé e lé itan, ó gbá a mọ́ra, wọ́n ń yọ̀ bọ̀. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí irọ́ ni? Mo tiẹ̀ ń ká fídíò. Ó wà nínú fídíò yẹn, wọ́n dé ìdajì, bàtà rọ́bà ọmọ náà há mọ́ ẹ̀gbẹ́ sílàìdì, ẹsẹ̀ ọmọ dúró, àgbàlagbà tó gbé e ò dúró. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Igbe tí ọmọ yẹn ké, ó ṣì ń dún létí mi. Ẹsẹ̀ ò wú, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, ṣùgbọ́n tá a bá ti ní kó dúró báyìí, á ká ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè bí adìẹ tí òjò pa.

Ẹ wá wo first aid wọn. Àpótí kan tí wọ́n kun àgbélébùú pupa sí lára, plásítà ló wà nínú ẹ̀, sípírítì, àti ṣájà fóònù ẹnì kan. Nọ́ọ̀sì ti lọ jẹun. Mánéjà ní ká fi róòbù ra á, pé ọmọdé ni, á lọ. Èyí ni mo fi yọ ìràwọ̀ kan, mi ò sì ní dá a padà.

Nígbà tá a délé, ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, mo ní Mààmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya X-ray. Dókítà tá a bá, bàbá àgbàlagbà kan, kí n tó la ẹnu ló ti ní, "Sílàìdì ni, àbí? Ta ló gbé e sórí itan?" Ẹnu yà mí. Ó ní àwọn ń rí i dáadáa. Eegun ojúgun ló sán. Ó ní ká ní ọmọ náà nìkan ló ń yọ̀ ni, tí bàtà ẹ̀ bá há, òun náà á dúró, torí kí ló wúwo lára ẹ̀? Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò lè dúró, gbogbo ìwúwo tiẹ̀ lá fi lọ́ ẹsẹ̀ ọmọ bí ẹni ń fún aṣọ. Èyí tá a pè ní ìtọ́jú ló ṣẹ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi wà nínú POP, Ọkọ Kékeré ò lè wo ojú mi fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ẹ̀.

Lóru ọjọ́ yẹn oorun ò wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lórí fóònù. Mo ka ti Orlando ní Amẹ́ríkà, March 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 tó já bọ́ látorí irú ráìdì tí Ìyábọ̀ ń sunkún sí yẹn gan-an, àmọ́ tiwọn ga ju 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nǹkan bí 130 kílò làwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní kéèyàn má jù, ọmọ náà ju 170 lọ. Wọ́n ti yí sensọ̀ ìjókòó yẹn padà kó lè gba ẹni tó sanra, irin àyà ò wálẹ̀ tó, síbẹ̀ iná tàn pé gbogbo ẹ̀ ti dè, wọ́n bá gbéra. Ó kú. Mo tún ka ti Colorado, ní Amẹ́ríkà náà, September 2021, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹgbẹ́ Ìyábọ̀ mi, tó jókòó lé bẹ́líìtì tí wọ́n ti de kalẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ̀rọ sọ fún àwọn tó ń darí ẹ̀ pé nǹkan ò bára mu, dípò kí wọ́n wo itan ọmọ, wọ́n ń tún un ṣe títí ẹ̀rọ fi gbà. Òun náà ò délé.

Mo wá ronú kan ọmọ onígi. Irin tó máa ń wá sáyà yẹn, ẹni tó ga tó báyìí ni wọ́n wọn ọ́n fún, tí ọmọ bá kúrú, irin á dè, iná á tàn, ọmọ á sì tún ráyè yọ̀ gba abẹ́ ẹ̀ jáde. Ìka mẹ́rin tí mò ń tìtorí ẹ̀ bú ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Mo pa review ìràwọ̀ kan rẹ́, mo fún wọn ní mẹ́ta, odindi kan nínú ẹ̀ jẹ́ tọmọ yẹn.

Bumper car wọn dáa, bẹ́líìtì wà, wọ́n sì máa ń pa iná kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí po náà ò burú, àfi pé NEPA múná lọ nígbà tá a wà lókè, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e mo ti ka Sáàmù méjì.

Bouncing castle ló kó mi láyà sókè jù, òun sì lowó ẹ̀ kéré jù. Okùn méjì péré ni mo kà, wọ́n so ọ̀kan mọ́ búlọ́ọ̀kù, wọ́n so èkejì mọ́ ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe òde àríyá ní London sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, ó kéré tán ojú mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi irin gbá a mọ́lẹ̀, tí atẹ́gùn bá sì ti ju 38 kìlómítà ní wákàtí kan, kí gbogbo ọmọ bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àṣejù, ní Devonport, Ọsirélíà, December 2021, atẹ́gùn gbé èyí tó wà nílé ìwé kan, ọmọ mẹ́fà ló kú. Ọjọ́ tá a lọ yìí òjò ti ń ṣú, inú May kẹ̀, ẹ mọ bí ìjì ṣe máa ń ṣáájú, àwọn ọmọ tó wà nínú nǹkan yẹn sì ń lọ bí ogún, ọmọ ọdún mẹ́ta ń fò pẹ̀lú ọmọ ọdún méjìlá. Mo fa àkọ́bí mi jáde, ó ń bá mi jà títí a fi dé ìdí mọ́tò.

A tún padà lọ ní October 1. Àbíkẹ́yìn ti ń sáré, Ọkọ Kékeré sì ti búra pé òun ò ní gbé ọmọ kankan lé itan mọ́. Sílàìdì ti ní ẹni tó jókòó tì í, ọmọbìnrin kan tó ń tẹ fóònù. Mo wá ọmọ onígi lọ kí n lè bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ẹlòmíì ló wà lẹ́nu ráìdì yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ́ kí wọ́n máa wọlé lọ. Mo bi í pé igi ńkọ́, ó ní igi wo. Ibẹ̀ ni mo ti sọ mẹ́ta di méjì.

Ìyábọ̀ ló padà rí i, wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kí atẹ́gùn má bàa máa gbá a. Ó lọ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé orí ara ẹ̀, ó wò ó láwòfín. Ó ní, "Mummy, ó ku ìka mẹ́ta," ó bá kọrí sí ìdí bumper car.