Math set inú agolo irin fún ọmọ girama kékeré: kọ́ńpáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Nínú gbogbo ohun tó máa ń wà nínú agolo math set tí wọ́n ń rà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, kọ́ńpáàsì ló lè ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́ jù láìjẹ́ pé ọmọ náà ṣe ohunkóhun tí kò tọ́. Bí kọ́ńpáàsì bá le dáadáa, tí rúlà sì tọ́, ìyókù ṣeé mú mọ́ra. Bí kọ́ńpáàsì bá ń yọ̀, omi inú agbọ̀n ni gbogbo ohun tí tíṣà bá kọ́ ọmọ nípa bí a ṣe ń ya igun. Nítorí náà, a ò ní pín àgbéyẹ̀wò yìí dọ́gbadọ́gba láàárín gbogbo wọn.

Agolo irin pẹlẹbẹ tó fi díẹ̀ gùn ju rúlà sẹ̀ǹtímítà 15 lọ là ń sọ. Orúkọ àti àwòrán orí ìdérí lè yàtọ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: kọ́ńpáàsì kan, divider kan (ó jọ kọ́ńpáàsì, àmọ́ abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́nu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì), protractor kan (ike tí a fi ń wọn igun), set square méjì (ike onígun mẹ́ta), rúlà, pẹ́ńsù kékeré, irésà, ṣápúnà, àti ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà A títí dé Z sí. Láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ọmọ á kọ́kọ́ fi wọ́n wọn igun, á fi ya ìlà méjì tó ń bá ara wọn lọ láìpàdé, kó tó wá kan yíya onígun mẹ́ta àti fífi kọ́ńpáàsì pín igun sí méjì. Ibi ìkẹyìn yìí ni èèyàn ti máa ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí gbàrọgùdù.

Kọ́ńpáàsì

Ẹ wo oríkèé rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ó lè jẹ́ síkúrù tó ní ojú tí a lè fi nǹkan yí, ó sì lè jẹ́ ìsó tí wọ́n kàn lù pa síbẹ̀. Ẹ má ra èyí tó jẹ́ ìsó. Kò sí oríkèé tí kì í dẹ̀ bí ọmọ ṣe ń ṣí i tó sì ń pa á dé lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ síkúrù, ẹ ó yí i le, ó parí. Bó bá jẹ́ ìsó, bó bá ti dẹ̀, ó dẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi òòlù lù ú kó lè le padà, àmọ́ ṣe ló máa ń le lójú kan, á dẹ̀ lójú kejì, á wá máa ta nígbà tí ọmọ bá ń ṣí i.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Ẹ ṣí i ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ gbé e sókè, kí ẹ mì í díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ sún. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá gbọ́dọ̀ lè ṣí i láìbá a jìjàkadì.

Àyẹ̀wò kan wà tí kì í purọ́, ìwé kan ṣoṣo ló sì gbà. Ẹ fi kọ́ńpáàsì tí ẹ ṣí ní sẹ̀ǹtímítà 5 ya róbótó kan. Ẹ má fọwọ́ kan bí ẹ ṣe ṣí i. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sórí ìlà róbótó náà níbikíbi, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sórí ìlà yẹn kan náà. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lọ sójú àmì tuntun, ẹ tún sàmì. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ 60°, nítorí náà ìkẹfà gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì bá ti fi mìlímítà 1 péré ṣí sí i lẹ́yìn tí ẹ ya róbótó tán, àmì kẹfà á fi nǹkan bíi mìlímítà 7 kọjá ibi tó yẹ. Ohun tí ojú ò lè rí níbi ìṣísẹ̀ kan, gbogbo ojú ni yóò rí i níbi ìkẹfà.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dá ẹjọ́. Bí àmì kẹfà bá ń kọjá ní gbogbo ìgbà, kọ́ńpáàsì ló ń ṣí. Bó bá kọjá lónìí tí kò sì dé ibẹ̀ lọ́la, ọwọ́ tó ń lò ó ni ẹ bi. Àyẹ̀wò yìí náà ló dáa jù láti fi han ọmọ ìdí tí a fi lè ya igun 60° láì fọwọ́ kan protractor, ìyẹn sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́ wọn ní kíláàsì wọ̀nyí.

Ẹ tún wo òrùka tó ń di pẹ́ńsù mú. Pẹ́ńsù kékeré inú agolo máa ń wọ̀ ọ́, àmọ́ bí ìyẹn bá tán, ṣé pẹ́ńsù lásán lè wọ ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ òrùka ló fún jù. Ẹ mú pẹ́ńsù tí ọmọ ń lò dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Pẹ́ńsù odindi ò sì dáa nínú kọ́ńpáàsì: á máa gbá ọwọ́ ọmọ, á máa fa ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì ṣí bó ṣe ń yí. Èyí tó kù bíi sẹ̀ǹtímítà 9 sí 10 ló bá a mu. Ẹ jẹ́ kí ẹnu abẹ́rẹ́ fi bíi mìlímítà 1 gùn ju ẹnu pẹ́ńsù lọ, nítorí abẹ́rẹ́ ló máa wọnú ìwé. Bí méjèèjì bá dọ́gba, abẹ́rẹ́ ò ní rí ihò tó jinlẹ̀ wọ̀, á yọ kúrò kí róbótó tó yí ká.

HB ni pẹ́ńsù inú agolo sábà máa ń jẹ́; àmì tí wọ́n ń kọ sára pẹ́ńsù láti sọ bó ṣe le tó nìyẹn. Ó tó, bí ọmọ bá ń gbẹ́ ẹ déédéé. 2H ló dáa jù fún ìlà ìyàwòrán, nítorí pé ó le, ìlà rẹ̀ sì máa ń tín-ín-rín. Bí ìlà méjì tó sanra bá pàdé, kì í ṣe ojú kan ni wọ́n ti ń pàdé mọ́, ọ̀gangan dúdú kan ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀, ọmọ á sì máa méfò ibi tó yẹ kó gbé rúlà lé. Ẹ fi sáńpépà yún ẹnu pẹ́ńsù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ìta; ẹnu bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú ju ẹnu ṣóńṣó lọ.

Bí ọmọ ṣe ń dì í mú náà ṣe pàtàkì. Orí rẹ̀ ni kó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là dì mú, kó má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, kó dà á síwájú díẹ̀ síbi tó ń lọ, kó wá fi ìka yí orí náà. Orí tó kúrú jù, tí ìka ò rí dì mú, ló ń mú kí ọmọ di ẹsẹ̀ mú. Kó sì tẹ́ ìwé mélòó kan sí abẹ́ ojú ìwé tó ń lò. Lórí tábìlì líle, ṣe ni abẹ́rẹ́ á máa yọ̀.

Protractor

Ẹ wá èyí tó mọ́ gaara. Protractor tí èèyàn ò lè rí ìlà abẹ́ rẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó, kò wúlò fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ igun.

Àléébù tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ike náà, ti bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni. Lára púpọ̀ nínú wọn, ìlà òdo kì í wà ní etí ìsàlẹ̀. Ó máa ń fi mìlímítà díẹ̀ ga jù ú lọ, ibẹ̀ sì ni ojú àárín wà. Ọmọ á gbé etí ike lé ìlà, á rò pé òun ti ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ní àlàfo yẹn jẹ́ mìlímítà 5, tí láti àárín dé ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5: igun 40° á jọ 36° lójú ọmọ. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣòroó rí ni pé igun 90° á ṣì jáde dáadáa, torí náà bí òbí bá fi igun ìwé wò ó, á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Igun tó fún ni kí ẹ fi dán ọmọ wò.

Ìlà nọ́ńbà méjì tó ń ti ọ̀tún àti òsì bẹ̀rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó kọ 130° fún igun 50° kò ṣi igun náà wọn, ìlà nọ́ńbà kejì ló kà. Kó kọ́kọ́ fi ojú lásán sọ bóyá igun náà fún ju 90° lọ tàbí ó fẹ̀ jù ú lọ, kó tó gbé protractor.

Set square àti rúlà

Ọ̀kan nínú set square méjèèjì ní igun 45°, 45° àti 90°. Èkejì ní 30°, 60° àti 90°. Bí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀, wọ́n á bí 75° àti 105°. Bí wọ́n bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, 15° ló ń kù. Wọn kì í sábà fi èyí han ọmọ, òun ni wọ́n ṣe ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú agolo títí wọ́n á fi kán.

Láti mọ̀ bóyá 90° rẹ̀ pé: ẹ di rúlà mú gírígírí, ẹ gbé set square lé e, ẹ ya ìlà lọ sókè. Ẹ yí set square náà dojú dé, ẹ gbé e padà sójú kan náà, ẹ tún ya ìlà. Bí ìlà méjèèjì bá bo ara wọn, ó pé. Bí wọ́n bá yà, ìdajì ohun tó wà láàárín wọn ni àṣìṣe rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ló ń tú àṣírí rúlà tó wọ́. Ẹ sàmì méjì, ẹ ya ìlà láti ọ̀kan sí èkejì, ẹ yí rúlà po kí orí rẹ̀ di ìdí, ẹ tún fi etí kan náà ya ìlà láàárín àwọn àmì méjì yẹn. Rúlà tó wọ́ á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ìlà méjèèjì. Bí òdo bá wà ní ìparí etí rúlà gan-an, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ. Kí ọmọ wọn nǹkan láti orí 1, kó wá yọ 1 kúrò.

Ohun kan tún ń ba rúlà jẹ́ tí púpọ̀ òbí kì í fura sí: irésà funfun tí wọ́n fi PVC, irú ike kan, ṣe. Òróró tó ń mú un rọ̀ máa ń wọ inú ike rúlà àti protractor bí wọ́n bá jọ fara kanra pẹ́, ike á rọ̀, nọ́ńbà á sì parẹ́. Ìdí kan tí wọ́n fi ń wé e ní pépà nìyẹn. Ẹ má bọ́ pépà náà sọ nù.

Ibi tí máàkì ti ń jábọ́

Ká ní wọ́n ní kí ọmọ pín ìlà sẹ̀ǹtímítà 8 sí méjì: á gbé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sí ìparí ìlà náà kọ̀ọ̀kan, á ya ìlà tó tẹ̀ láti ibẹ̀, á wá fi rúlà so ojú méjèèjì tí wọ́n ti pàdé. Bó bá ṣí kọ́ńpáàsì kéré sí 4, àwọn ìlà tó tẹ̀ náà ò ní pàdé rárá. Bó bá ṣí i ní 4 lé díẹ̀, wọ́n á pàdé, àmọ́ ojú méjèèjì tí wọ́n ti pàdé á sún mọ́ra jù, bí rúlà bá sì ti fi bíńtín yẹ̀, ìlà tó yẹ kó dúró ṣánṣán á dà sí ẹ̀gbẹ́. Láàárín 5.5 sí 6 ló dáa jù fún ìlà yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ìlà ti ń gé ara wọn kọjá bí àgbélébùú, ojú tí wọ́n ti pàdé á sì hàn kedere. Bí ọmọ ṣe ṣí kọ́ńpáàsì ò gbọdọ̀ yí padà bó ṣe ń gbé e láti ìparí kìíní ìlà náà lọ sí èkejì. Kí ọmọ má sì fi irésà pa àwọn ìlà tó tẹ̀ náà rẹ́, àwọn ni ẹ̀rí pé kọ́ńpáàsì ló fi ṣe é.

Divider dàbí ohun tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ òun ló péye jù láti gbé ìwọ̀n láti orí rúlà tàbí máàpù lọ síbòmíràn. Ẹ fi ìdérí bo ẹnu rẹ̀, tàbí kí ẹ ki irésà àlòkù bọ̀ ọ́, torí abẹ́rẹ́ méjèèjì mú. Ike lẹ́tà ò wúlò fún nǹkan kan. Ṣápúnà inú agolo kì í pẹ́ kú; bó bá ti ń jẹ ẹnu pẹ́ńsù ní wọ́múwọ́mú, ẹ ra onírin.

Agolo tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dára, àfi kọ́ńpáàsì, ṣì ṣeé rà bí ẹ bá lè ra kọ́ńpáàsì lọ́tọ̀. Èyí tó ní ọ̀pá síkúrù àti àgbá kékeré láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kì í yọ̀. Ó lọ́ra láti ṣí, kì í sì í fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ọmọ tí kò ní sùúrù á ráhùn. Ẹ kàn wò ó bóyá á wọ inú agolo kí ẹ tó sanwó, torí orí rẹ̀ máa ń ga, ìdérí kì í fẹ́ dé lórí rẹ̀.