Spotify for Artists àbí WhatsApp: èwo ló mọ olólùfẹ́ rẹ jù?

Olórin tó ń dá orin rẹ̀ gbé jáde lè wo Spotify for Artists, ojú ewé tí Spotify, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe fún olórin, lọ́fẹ̀ẹ́: ìlú tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ orí wọn, iye àwọn tó fi orin pamọ́. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá ju Ìbàdàn lọ, ó ti mọ ibi tó yẹ kó ti lọ ṣeré. Ṣùgbọ́n kò ní rí orúkọ ẹnì kankan, ká má tíì sọ nọ́ńbà.

Ti WhatsApp yàtọ̀. Èèyàn 256 péré ni broadcast kan, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ń gbà, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà olórin pamọ́ kò ní rí nǹkan kan. Àmọ́ wọ́n á fèsì: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dín gìtá yẹn kù, a ò gbóhùn yín.” Èmi á mú 256 yẹn.