Oṣù 14 pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ àyẹ̀wò odò: àwọ̀n, abọ́ funfun àti ẹ̀rọ ọ́síjìn

Ó ti pé oṣù 14 báyìí tí mo ti ń fi àpò irinṣẹ́ yìí yẹ odò kékeré kan wò, ní ojú ibi 3, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ní igi gígùn, abọ́ funfun pẹrẹsẹ, awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, káàdì àwòrán àwọn kòkòrò inú omi, àti ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí ń wọn ọ́síjìn inú omi ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tà á gbé ẹ̀rọ náà síwájú bí olórí gbogbo wọn. Ní tèmi, àwọ̀n ni olórí.

Lílò rẹ̀ kò le. A ó dúró sínú omi, a ó kọ ẹnu àwọ̀n sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ rú ìsàlẹ̀ odò níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, kí omi lè gbé àwọn kòkòrò tó bá ṣí kúrò lára òkúta wọnú àwọ̀n. A gbọ́dọ̀ pín àkókò náà sí àárín òkúta, orí iyanrìn àti ìdí koríko etí omi, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Nígbà tí a bá da ohun inú àwọ̀n sínú abọ́, ewé jíjẹrà àti iyanrìn nìkan ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ẹ ní sùúrù. Láìpẹ́, ohun tí ẹ ti pè ní èérún igi yóò yọ orí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ilé rẹ̀ lọ: idin kòkòrò abìyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní caddisfly ni, tó fi òkúta wẹ́wẹ́ mọ ilé yí ara rẹ̀ ká. Idin mayfly, kòkòrò abìyẹ́ mìíràn, yóò lẹ̀ mọ́ ewé kan, ìrù rẹ̀ 3 yóò nà sẹ́yìn, àwọn ohun tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀ yóò sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ láìsinmi. Títí di òní, ó ṣì ń wú mi lórí.

Káàdì náà tẹ̀ lé ètò BMWP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń fún ìdílé kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10, gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ kò bá ṣe gba ìdọ̀tí tí ń jẹ ọ́síjìn inú omi. Àwọn stonefly (kòkòrò abìyẹ́ tí idin tirẹ̀ náà ń gbé inú omi) ìdílé Perlidae gba 10, àwọn mayfly ìdílé Baetidae gba 4, idin ìdílé Chironomidae (kòkòrò tó jọ ẹ̀fọn àmọ́ tí kì í jẹni), tí àwọn pupa wà lára wọn, gba 2, àwọn ekòló omi sì gba 1. Bí a bá fi iye ìdílé tí a rí pín àròpọ̀ máàkì, a ó rí ASPT, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, òun ni mo sì gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí àròpọ̀ lásán máa ń ga sí i bí a bá ṣe wá kòkòrò pẹ́ tó. Ẹni tí odò rẹ̀ wà ní ìpín ayé mìíràn gbọ́dọ̀ wá ètò tí a ṣe fún ibẹ̀. South Africa, fún àpẹẹrẹ, ní SASS tirẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ni mo mọ ìdí tí àwọ̀n fi ṣe pàtàkì. Ní aago kan ọ̀sán, ní ibi kẹta, ẹ̀rọ náà ka mìlígíráàmù ọ́síjìn 10.4 nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ sì ni omi tó wà ní ìwọ̀n ìgbóná 20°C kì í sábà gbà ju bíi 9.1 lọ. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo da àwọ̀n sínú abọ́, mayfly kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Idin pupa, ekòló àti eṣúṣú ló kún un. Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò rú omi dáadáa, mo tún un ṣe, ohun kan náà ni mo bá. Mo padà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀rọ náà sì ka 2.8. Ewédò tó bo òkúta ń tú ọ́síjìn jáde nínú oòrùn, àmọ́ láti alẹ́ di ìdájí, òun àti gbogbo ohun tó ń jẹrà níbẹ̀ ń fà á tán. Ẹ̀rọ kò purọ́, wákàtí tí mo dé ibẹ̀ ló sọ. Àwọn kòkòrò ló ti gbé ibẹ̀ la gbogbo òru wọ̀nyẹn kọjá.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Ìrán ẹnu àwọ̀n tú ní oṣù kẹrin, ẹni tó tà á fún mi sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà 3 kí ó tó fi òmíràn ránṣẹ́. Iye ìrù nìkan ni káàdì fi ya mayfly sọ́tọ̀ kúrò lára stonefly, bẹ́ẹ̀ ìrù máa ń já nínú àwọ̀n. Èékánná ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yà, nítorí ọ̀kan ni ti mayfly lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, méjì sì ni ti stonefly. Kò tún sọ pé kí a fọ àwọ̀n kí a sì sá a gbẹ kí a tó gbé e lọ sí odò mìíràn, èyí tó bà mí nínú jẹ́ púpọ̀, nítorí báyìí ni àrùn ṣe ń ti odò kan dé òmíràn. Má sì retí pé yóò sọ oògùn apakòkòrò tàbí irin olóró tó wà nínú omi fún ọ. Ìyẹn di ti ilé àyẹ̀wò.

Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ ra àwọ̀n, abọ́ àti awò lọ́tọ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ náà bí ẹ bá ṣe tán láti máa jí lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́.