Sísọ GIF di BMP: èwo ló tó owó, èwo ni kí ẹ lò lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹni tó ń wá bí yóò ṣe sọ àwòrán GIF tó ń rìn di BMP, kì í sábà jẹ́ pé BMP wù ú. Irinṣẹ́ kan ló ní òun kò gba nǹkan mìíràn. Ó lè jẹ́ síkírínì kékeré tí wọ́n so mọ́ Arduino, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, ó sì lè jẹ́ ètò orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò tíì fẹ́ pààrọ̀. LZW ni wọ́n fi ń fún GIF pọ̀, ohun tó bá sì fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ ní àyè fún àkójọ àmì tó lè tó 4,096. Gbogbo mẹ́mòrì tí Arduino Uno R3 fi ń ṣiṣẹ́ kò ju kílóbáìtì 2 lọ. BMP tí wọn kò fún pọ̀ kò da ẹnikẹ́ni láàmú bẹ́ẹ̀: ìlà tó ní píkísẹ́lì 240 jẹ́ báìtì 720, irinṣẹ́ yóò kà á, yóò gbé e sórí síkírínì, yóò sì bọ́ sí ìlà tó kàn.

Ohun méjì wà tí olùtajà kì í sọ. Èkíní, àwòrán kan ṣoṣo ni fáìlì BMP máa ń gbà. GIF tó ní férémù 60, ìyẹn àwòrán 60 tó ń tẹ̀lé ara wọn, yóò di fáìlì 60. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní 240 sí 320 píkísẹ́lì, ní bíìtì 24 (báìtì mẹ́ta fún píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan), fáìlì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ báìtì 230,454, àpapọ̀ wọn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 14, bí GIF náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tó mẹ́gábáìtì kan. Èkejì, àwọ̀ kò ní pọ̀ sí i. Férémù GIF kì í ní ju àwọ̀ 256 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì ṣe wà nínú BMP. Ẹni tó bá ní ètò òun yóò mú kí àwòrán yín dán sí i nítorí pé ó di BMP, ọjà ló ń tà.

Ibi tí ètò ti ń yàtọ̀ síra gan-an ni bí wọ́n ṣe ń ya férémù. Ká ní GIF yín jẹ́ ọkùnrin kan tó ń juwọ́. Láti dín ìwọ̀n fáìlì kù, ẹni tó ṣe é lè fi gbogbo ọkùnrin náà sí férémù kìíní, kó wá fi ọwọ́ nìkan sí èkejì, torí pé ọwọ́ nìkan ló kúrò níbi tó wà. Ètò tó mọ iṣẹ́ yóò to ọwọ́ náà lé ara ọkùnrin kó tó kọ fáìlì kejì jáde. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbé ọwọ́ lásán fún yín láàárín òfìfo. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ fi dán ètò wò nìyí, kí ẹ tó béèrè iye.

Paint tó bá Windows wá kò já mọ́ nǹkan nínú èyí. Férémù kìíní nìkan ló máa ń ṣí. Bí férémù kan náà bá ni ẹ nílò, ó parí, ẹ má náwó kankan, ẹ yan BMP bíìtì 24 nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀.

GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò to férémù kọ̀ọ̀kan bí awẹ́ (layer) lórí ara wọn, yóò sì kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí «100ms» nínú orúkọ awẹ́ kan, iye àkókò tí férémù náà fi ń dúró nìyẹn. Bí ẹ bá rí «combine», ẹ mọ̀ pé ó nílò èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó pé. Ẹ lọ sí Filters, Animation, Unoptimize, gbogbo wọn yóò di odindi. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá ní kó kọ BMP jáde, gbogbo awẹ́ tó hàn ni yóò pa pọ̀ di àwòrán kan. Láti mú 60 jáde lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń gba owó.

Fún ẹni tó ń lo Windows tí kò sì fẹ́ tẹ àṣẹ kankan, IrfanView ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ ṣí GIF náà, ẹ wo abẹ́ Options, «Extract all frames» wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ìlò nínú ilé. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè owó láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ṣe iṣẹ́ fún oníbàárà, ẹ san án, ó tọ́ sí i.

Photoshop ńkọ́? Ó lè ṣe é: Layers to Files tó wà lábẹ́ Export ní BMP nínú ohun tó ń kọ jáde. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà, owó ilẹ̀ òkèèrè sì ni fún púpọ̀ nínú wa. Bí ẹ bá ti ní i tẹ́lẹ̀, ẹ lò ó. Kí ènìyàn torí GIF àti BMP lọ rà á, èmi ò rí ìdí ẹ̀.

Àwọn ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi CloudConvert dára fún ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n. Wọ́n ní ìwọ̀n ọ̀fẹ́, bí ẹ bá kọjá rẹ̀, owó dé. Ẹ rántí pé dátà yín ló ń gbé fáìlì lọ tó sì ń gbé e bọ̀, àti pé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni àmì ilé-iṣẹ́ oníbàárà yín ń gbà kọjá. Púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹ yan iye bíìtì, ìyẹn gan-an sì ni síkírínì kékeré máa ń torí rẹ̀ kọ̀ láti gba fáìlì.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí yóò máa bá lójoojúmọ́, àárín ImageMagick àti FFmpeg ni kó ti yàn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àṣẹ ni ẹ máa tẹ̀ sí wọn. Ti ImageMagick rèé:

magick juwo.gif -coalesce -resize 240x320! -background white -alpha remove -alpha off -type TrueColor -compress None BMP3:f_%03d.bmp

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ «-coalesce» ló ń to ọwọ́ lé ara ọkùnrin. «-alpha remove» ń fi funfun dí ibi tí kò ní àwọ̀. «BMP3» ń mú kó kọ ọ́ ní ẹ̀yà àtijọ́ tí irinṣẹ́ kékeré mọ̀, «-compress None» sì wà níbẹ̀ nítorí pé kì í ṣe gbogbo BMP ni kò fún pọ̀: èyí tó jẹ́ bíìtì 8 lè gbé RLE, ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan, pamọ́ sínú.

Ti FFmpeg:

ffmpeg -i juwo.gif -vf "fps=10,scale=240:320" -pix_fmt bgr24 f_%03d.bmp

Ó kúrú ju ti ìṣáájú lọ, ó sì ń to férémù fúnra rẹ̀. Ẹ má fò «-pix_fmt bgr24» o, bí kò bá sí níbẹ̀, bíìtì 32 ni yóò kọ jáde. Ibi tó ti ta ImageMagick yọ ni àkókò. BMP kò ní ibì kankan tó ń kọ iye ìgbà tí férémù yẹ kó dúró sí, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú GIF, férémù kan lè dúró díẹ̀, kí òmíràn pẹ́. «fps=10» yóò tún èyí tó pẹ́ kọ ní ẹ̀dà púpọ̀, tó fi jẹ́ pé bí irinṣẹ́ yín bá ń fi fáìlì mẹ́wàá hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkùnrin náà yóò juwọ́ bó ṣe ń juwọ́ tẹ́lẹ̀. ImageMagick yóò fún yín ní iye férémù tó wà gan-an, àkókò wọn yóò sì di ẹrù yín. Bí irinṣẹ́ bá ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, FFmpeg. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí férémù kọ̀ọ̀kan láìsí ẹ̀dà, ImageMagick.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ san owó fún, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀ yí GIF kan, kí ẹ sì wo ìwọ̀n fáìlì tó jáde. Ìbú lọ́nà gíga, lọ́nà 3, kí ẹ fi báìtì 54 ti orí fáìlì kún un: 240 sí 320 yóò jẹ́ báìtì 230,454 gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí 307,254, bíìtì 32 ni wọ́n fún yín. Bí ó bá kéré sí ẹ̀ka kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹ retí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bíìtì 8 tí wọ́n fún pọ̀. Bí ìbú àwòrán yín lọ́nà 3 kò bá ṣeé pín sí mẹ́rin, BMP máa ń fi òfo kún ìparí ìlà títí yóò fi ṣeé pín: ìbú 250 yóò gba báìtì 752 ní ìlà kan, kì í ṣe 750. Ẹ fi ìyẹn ṣírò kí ẹ tó bá olùtajà jà.